Ìpín Ẹni Tó Ń Ju Bọ́ọ̀lù

Duluth, Minnesota
9 oṣù Kejì, 2014

Àǹtí Sieni mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú òjò. Mo mọ̀ pé òjò oṣù yìí yóò ti gba ojú ọ̀nà tó wọ Amanave, tí ẹ óò máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàtà lọ́wọ́. Níbí, adágún tó wà níwájú ilé mi ti dì gbagidi, mọ́tò ń rìn lórí rẹ̀. Ẹ ti ní kí n má máa pè yín lórí fóònù bí ọ̀rọ̀ bá wúwo, pé irọ́ máa ń rọ̀ mí lọ́rùn níbẹ̀. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí.

Ọ̀rọ̀ Kittredge ni. Ẹ mọ̀ ọ́n lójú tẹlifíṣọ̀n: òun ni kọ́tábáàkì wa nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn wa tó ń wá ẹni tí yóò jù ú sí, tí èmi àti àwọn mẹ́rin yòókù nílà iwájú ń fi ara dí àwọn tó fẹ́ wó o mọ́lẹ̀. Apá òsì lèmi wà, ibi tí ojú rẹ̀ kì í dé. Àdéhùn rẹ̀ ti parí, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì fẹ́ máa fún un ní mílíọ̀nù méjìlélógún dọ́là lọ́dún. Kò sí ẹni tó ń gba tó bẹ́ẹ̀ lágbo wa.

Ṣùgbọ́n ìkòkò kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń bù jẹ. Òfin ti dá iye tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè ná lórí àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́tàléláàádọ́ta. Bí ẹnì kan bá gbé ìdá kan nínú mẹ́fà lọ, ó di dandan kí ìpín àwọn kan dín kù, kí àwọn mìíràn sì dìde nídìí ìkòkò.

Ọ̀gbẹ́ni Dressler tó ń ṣètò owó pè mí wọ ọ́fíìsì lánàá. Ó ní, "Géńdé, jókòó. Ìdílé ńkọ́?" Mo ní kò burú. Ó ní, "Fi ìdajì owó ọdún yìí sílẹ̀ fún wa, ká lè rí àyè fún Kittredge. Ìdílé kan ṣá ni gbogbo wa." Àǹtí, bó ṣe pe ìdílé lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ó wọ̀ mí lọ́kàn.

Orúnkún ọ̀tún kò dáa. Dókítà ní ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun méjèèjì ti jẹ tán, pé ọdún kan ló kù nínú rẹ̀, ìyẹn bí mo bá ń sinmi. Bí n kò bá gbà fún Dressler, wọ́n lè ní kí n máa lọ. Ta ni yóò sì mú ọkùnrin ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó ń tiro? Bí mo bá gbà, ipò mi ṣì wà. Kí lẹ rí sí i? Wọ́n fún mi di ìparí oṣù.

Ẹ bá mi fi kòkó díẹ̀ ránṣẹ́, èyí tí ẹ fọwọ́ ara yín gún. Tibí yìí, omi ìfọwọ́ ló jọ.

Ọmọ yín,
Peniamina


Amanave, Tutuila, Sàmóà ti Amẹ́ríkà
27 oṣù Kejì, 2014

Peniamina ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí orúnkún rẹ lọ́tọ̀, nítorí nínú gbogbo àwọn tó sọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà rẹ, òun nìkan ló sọ òótọ́. Kòkó ti wà lọ́nà.

Mo fi lẹ́tà náà han Olóyè Lauvao, nítorí òun ni olórí ẹbí, bí a kò bá sì bi í léèrè yóò wú bí ẹja tó gbé afẹ́fẹ́ mì. Ó dìde, ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀, ó ní, "Ẹni ńlá, ìpín ńlá!" Ó tún un sọ nígbà mẹ́ta, pẹ̀lú ohùn tó lò nígbà tí gómìnà kú. Mo ní, "Lauvao, inú ilé ìdáná la wà o." Ó ní, "Sieni, ìwé àkàjù ló ń dà ọ́ láàmú. Ẹlẹ́dẹ̀ wo la pín rí tí olóyè kò gba ẹ̀yìn?"

Òótọ́ ló sọ, ibi tó parí rẹ̀ sí ni kò dáa. O mọ bí a ṣe ń pín in: ẹ̀yìn fún olóyè, ẹsẹ̀ fún agbẹnusọ, orí fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí èéfín ti ba ojú wọn jẹ́ nídìí ààrò. Kò sẹ́ni tó ń jà. Ṣùgbọ́n ìgbà wo lo rí olóyè tó dá ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀ jẹ? Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti rán an lọ sí ilé mẹ́jọ. Bó bá rí eegun lá, ó ṣoríire. Lauvao fúnra rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo rẹ̀, ṣé o kò rí bó ṣe rí tín-ín-rín ni? Nítorí náà ìbéèrè kan ni mo ní, kí o sì dá mi lóhùn bí ìgbà tí mo ń kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin: ilé mélòó ni Kittredge ń rán tirẹ̀ lọ?

Má fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní kí o máa lọ, máa bọ̀. Yàrá rẹ ṣì wà, ìwé ni mo kàn kó sínú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí ìyá rẹ fi ọ́ sílẹ̀ fún mi, o pé, o sì ń sáré kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo fẹ́ gbà ọ́ padà.

Àǹtí rẹ,
Sieni


Duluth
20 oṣù Kẹta, 2014

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé o. Kòkó dé, ọjọ́ méjì ni mo fi mu ún tán. Lẹ́tà yín dé lọ́jọ́ kẹtàlá. Mo ti fọwọ́ síwèé lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Ẹ má bínú. N kò kánjú. Wọn ò fún mi láàyè ni.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bó ṣe yẹ. Kí Kittredge tó dé, ọdún mẹ́fà la fi jẹ̀yà. Àwọn ará ìlú ń fi àpò bébà borí wá sí pápá kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó ku ìṣẹ́jú kan kí eré parí, mo lóṣòó síwájú rẹ̀, mo wá ń gbọ́ tó ń pe nọ́ńbà tó fi ń darí wa lẹ́yìn mi wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tó ń kí èèyàn káàárọ̀. Ó sì ju bọ́ọ̀lù náà gba àárín ọwọ́ mẹ́ta kọjá. Àǹtí, a lè rí ogún èèyàn tó lè ṣe iṣẹ́ tèmi. N kò mọ ẹni méjì tó lè ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sí i, ìkòkò yẹn gan-an yóò gbẹ. Ẹ má rò pé ẹnu Dressler ni mo fi ń sọ̀rọ̀ o.

Lọ́jọ́ tó fọwọ́ sí tirẹ̀, ó gbá mi mọ́ra níwájú àwọn oníròyìn. Ó ní, "Ọkùnrin yìí fi owó ara rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè dúró. N kò ní gbàgbé." Gbogbo Amẹ́ríkà ló gbọ́. Lọ́dọ̀ wa, bí olóyè bá sọ irú ẹ̀ ní gbangba, ó ti di ẹrù rẹ̀ láti gbèjà mi nìyẹn. Torí náà mo ń tọrọ nǹkan: ẹ fi ẹní àtàtà kan ránṣẹ́, ọ̀kan lára èyí tí ìyá àgbà hun, kí n gbé e fún un. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ọmọ ilé rẹ̀ ni mí.

Wọ́n bi mí lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá ó yẹ kó gba tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ó yẹ. Ẹ sọ fún Olóyè.

Peniamina


Amanave
18 oṣù Kẹrin, 2014

Peniamina,

Mo kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbínú ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo ti ya dànù.

O kọ ọ́ dáadáa. Mo fún ọ ní máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo yọ méjì nítorí pé o kò dáhùn ìbéèrè: n kò bi ọ́ bóyá ó mọ bọ́ọ̀lù ú jù. Ilé mélòó?

Ẹní náà dá ìjà sílẹ̀ nílé. Àwọn obìnrin ẹbí pé jọ, Sinira ìyàwó Lauvao sì ní, "Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi hun èyí, ewé tó rọ̀ bí aṣọ! Ká gbé e fún òyìnbó tí kò mọ apá tó yẹ kó kọjú sókè?" Lauvao dáhùn láti ìta pé ọlá ẹbí ni. Sinira ní, "Ó dáa, ọlọ́lá, wọlé wá hun òmíràn."

Nítorí rẹ ni mo ṣe fi í ránṣẹ́, kì í ṣe nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi: má gbé e fún un ní kọ̀rọ̀. Tú u níwájú èèyàn, gbé e gba iwájú wọn kọjá, kí o sọ ohun tó jẹ́. Ẹni tó bá gba irú ẹní yìí ti gba ọmọ tó gbé e wá pẹ̀lú. Bí o bá rí i pé kò yé e, ká a padà, gbé e bọ̀ wálé. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Sieni


Duluth
15 oṣù Kẹfà, 2014

Àǹtí mi,

Ẹ kú àtijọ́. Mo ti gbé e fún un. Ilé rẹ̀ ni, ó pe gbogbo ará ìlà iwájú wá jẹ ẹran yíyan. Mo ró aṣọ bí ọmọ Sàmóà, mo tú ẹní náà, mo gbé e gba iwájú wọn kọjá. Mo ní, "Ìyá ìyá mi ló hun ún. Ẹbí mi fi ọ́ ṣe olórí." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Peni, n kò mọ ohun tí mo lè sọ." Ó sì jọ pé òótọ́ ni, nítorí kò sọ nǹkan mìíràn.

Ẹ ní kí n ká a padà bí kò bá yé e. N kò lè ṣe é, Àǹtí. Ta ni yóò gba nǹkan padà lọ́wọ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ti pọ́n? Ó fún àwa márààrún ní ààrò ìyanran, ó ga tó mi láyà. Ó ní bí kọ́tábáàkì ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlà iwájú rẹ̀ nìyẹn. Ó tẹ́ ẹní náà sí yàrá ìgbafẹ́ rẹ̀, níbi tí ajá rẹ̀ máa ń sùn sí. Ajá tó mọ́ tónítóní ni o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ti ajá fún ìyàwó Olóyè.

Ìgbáradì kù sí dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ti fa omi lórúnkún mi lẹ́ẹ̀mejì. Dressler ti mú agbábọ́ọ̀lù tuntun kan wá láti yunifásítì, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ó ní kí n máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ apá òsì. Mo ń kọ́ ọ.

Peniamina


Duluth
1 oṣù Kẹsàn-án, 2014

Àǹtí,

Wọ́n ní kí n máa lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé ni. Òfin ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dín èèyàn kù kí aago mẹ́ta tó lù. Aago méjì ààbọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n gbé ìwé ètò eré mi wá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tí wọ́n bá ní kó gbé ìwé wá kì í gbé e padà. Dressler ní, "Kò sí àyè mọ́, géńdé. Òwò ni." Mo ní, "Ìdajì tí mo fi sílẹ̀ ńkọ́?" Ó ní, "A mọ rírì ẹ̀ gan-an ni."

Mo lọ dúró de Kittredge nídìí mọ́tò rẹ̀. Mo rò pé yóò bá wọn sọ̀rọ̀; gbólóhùn kan lẹ́nu rẹ̀ ti tó. Ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ó dùn mí, arákùnrin mi. Èmi kọ́ ni mò ń yan èèyàn." Ó dá mi lójú pé ó dùn ún. Ó wọ mọ́tò, ó lọ.

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ bínú sí i. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Kò ṣe nǹkan kan fún mi ni.

Ẹ má tíì sọ fún wọn nílé.

P.


Amanave
20 oṣù Kẹsàn-án, 2014

Peniamina mi,

Mo kí ọ, mo bá ọ jókòó. N kò ní sọ pé mo ti wí bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi sọ ọ́ fún ọmọ olọ́mọ kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sì tíì mú ẹnì kan gbọ́n.

Wọ́n ti mọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi a jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n ní aago mẹ́fà àárọ̀, bí a ti máa ń ṣe kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó lù, ẹlòmíràn ló wà lápá òsì. Lauvao ní, "Bóyá wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ de àwọn eré tó le." Mo bá sọ fún wọn. Bí a ti wà níbẹ̀, Kittredge ju bọ́ọ̀lù gígùn kan, wọ́n sì hó yèè kí wọ́n tó rántí. Ẹ̀wù tí wọ́n kọ orúkọ Kittredge sí lẹ́yìn ni wọ́n wọ̀, Peniamina, kò sẹ́ni tó ní ẹ̀wù mìíràn tó mọ́. Lauvao yíjú sí mi, ó ní jẹ́jẹ́, "Sieni, ṣé ká má wò ó mọ́ ni?"

Iṣẹ́ wà nílé. Ilé ẹ̀kọ́ mi àtijọ́ ń wá ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù. Mo ti bá wọn sọ ọ́, wọn yóò dè ọ́ di ìparí oṣù Kẹwàá. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n o lè jókòó ṣe ìdajì rẹ̀. Máa bọ̀ kí ẹsẹ̀ yẹn tó bàjẹ́ tán. Má jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Sieni


Amanave
8 oṣù Kẹwàá, 2014

Peniamina,

Mo ń kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ọkọ̀ òfurufú tó ń kó lẹ́tà ti dé, ó ti lọ, ó tún ti dé, tìrẹ kò sí nínú rẹ̀. Mo pe fóònù rẹ, obìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀rọ ní kí n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀: máa bọ̀. Ṣé o gbọ́? Bó bá jẹ́ ìtìjú, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín níbí. Bó bá jẹ́ orúnkún, sọ fún mi, mo lè gbọ́ ọ.

S.


Duluth
14 oṣù Kẹwàá, 2014

Àǹtí mi,

Ẹ dárí jì mí. Mo gbọ́ iṣẹ́ yín lórí fóònù, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbọ́ ọ. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀la gan-an ni ǹ bá gbéra.

Agbábọ́ọ̀lù tuntun tí mo kọ́ ti kán lápá lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n wó Kittredge mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Dressler pè mí, mo gé fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Inú yín ì bá dùn bí ẹ bá rí i. Lẹ́yìn ìyẹn Kittredge fúnra rẹ̀ pè. Ó ní, "Peni, mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn mi. N kò lè wo iwájú mọ́. Jọ̀ọ́." Àǹtí, ó ń sunkún.

Ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀ ni wọn yóò máa sanwó fún mi. Dókítà ẹgbẹ́ gún orúnkún náà lábẹ́rẹ́, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, àfi bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Dókítà tí mo fowó ara mi rí ní bí mo bá tún gbé e wọ pápá, bóyá n ò ní fi gun àtẹ̀gùn mọ́ láyé mi.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe olóyè mi. Mo tiẹ̀ mọ̀ nísinsìnyí pé kò sí ilé kankan tó ń rán ìpín rẹ̀ lọ, ìyẹn ni ìdáhùn yín. Ṣùgbọ́n láti ọmọ ọdún méjìdínlógún tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n dúró síbi tí ojú ẹlòmíràn kò dé. Bí n kò bá lọ, kí ni mo wá jẹ́?

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n ni n óò padà wọ pápá. Ẹ má wò ó.

Peniamina


Amanave
Ọjọ́ Ìsinmi, 26 oṣù Kẹwàá, 2014

Peniamina mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo pè, mo tún pè, fóònù rẹ kò gba nǹkan kan. Ọ̀sán ti pọ́n báyìí. N kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. N kò mọ ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé ọ lọ, torí náà àdírẹ́sì ilé rẹ ni mo kọ sí i, bóyá ẹnì kan yóò kà á sí ọ létí.

O ní kí n má wò ó. Mo wò ó. Ilé Lauvao kún dé ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí o sáré wọ pápá, Lauvao bú sẹ́kún, kò rí ọ̀rọ̀ ńlá kankan sọ. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn.

Fún wákàtí mẹ́ta n kò wo bọ́ọ̀lù. Apá òsì ni mò ń wò. Mo rí bí o ṣe ń fi ẹsẹ̀ kan gbé gbogbo ara. Mo rí bí o ṣe ń di etí ṣòkòtò mú kí o tó lóṣòó. Ẹnikẹ́ni kò kọjá lára rẹ. Sinira ní, "Sieni, kí ló ń ṣe ọ́ tí o ń mí báyìí?" Mo ní kò sí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí eré parí, tí a ti ń pàdánù, àwọn méjì kọ lù ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Kittredge yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ yín jáde, ó sáré, ó ju bọ́ọ̀lù náà. Ó ga, Peniamina. Gbogbo ilé dìde bá a lọ sókè. Ẹnì kan sì gbà á lópin pápá níbẹ̀, a sì borí. Adìẹ sá kúrò lágbàlá nítorí ariwo. Lauvao ń ké pé, "Owó yẹn kéré! Kí wọ́n tún fi kún un fún un!" Wọ́n fi Kittredge hàn, ó ń fò sókè. Wọ́n fi àwọn èèyàn hàn nínú òtútù, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ó pẹ́ kí àwòrán tó padà sẹ́yìn síbi tí o wà, kí ilé tó dákẹ́. O dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Àwọn mẹ́rin yòókù kúnlẹ̀ yí ọ ká. Òun kò tíì mọ̀, ó ṣì ń fò.

Sinira ti ń sọ ọ́ káàkiri pé èmi nìkan ni ojú mi wà lára rẹ, pé bí ìyá ṣe ń ṣe nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, má gbà á. Torí ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi wò ọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù yẹn gbéra, ojú mi bá a lọ. Mo dìde. Mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Mo ń pe Kittredge, Kittredge, títí ohùn mi fi há, inú mi sì dùn, ọmọ mi, inú mi dùn bí o ti wà nílẹ̀.

Àǹtí rẹ,
Sieni